Owó tó wọlé kọ́ ni wọ́n ń kà o: ọ́fíìsì owó orí tó bá mi tún ìwé ṣe kí ọkọ mi tó lè wọ Amẹ́ríkà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo ti ṣèlérí fún àwọn méjì kan tí a jọ ń dirun ní ṣọ́ọ̀bù pé tí wàhálà yìí bá parí màá jókòó kọ ọ́ sílẹ̀, torí àwọn náà ń ṣe iṣẹ́ ara wọn, wọ́n sì fẹ́ mú ọkọ wọn wá láti ilé. Ọ́fíìsì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ kò tóbi, yàrá méjì péré ni, ní Houston níbí, obìnrin kan ló ni ín. Enrolled Agent ni obìnrin yẹn, ìyẹn ẹni tí IRS (àjọ owó orí ìjọba Amẹ́ríkà) fúnra wọn fún níwèé àṣẹ pé ó lè ṣojú èèyàn níwájú wọn lórí ọ̀rọ̀ owó orí. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ síbí torí mi ò tíì gbàṣẹ lẹ́nu ẹ̀. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn, màá sọ ohun tó jẹ́ kí n yọ ìkan.

Irun ni mò ń dì. Mo rẹ́ǹtì àga kan nínú ṣọ́ọ̀bù onínǹkan, igba dọ́là lọ́sẹ̀, èmi ni mò ń ra attachment àti ìpara fúnra mi, mo tún máa ń wakọ̀ lọ dirun fún àwọn kọ́sítọ́mà kan nílé wọn, pàápàá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Kò sí ọ̀gá kankan tó ń fún mi ní W-2, ìwé tí ọ̀gá fi ń jẹ́rìí owó oṣù. Zelle, Cash App, owó ọwọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sanwó fún mi. Lọ́dún 2023 gbogbo owó tó wọlé lápapọ̀ jẹ́ $58,300. Ẹni tí owó yìí ń wọlé fún, ta ló máa rò pé wọ́n á sọ fún un pé kò lówó tó láti fi mú ọkọ ẹ̀ wá? Mo ti di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n ti fọwọ́ sí I-130, ìwé ẹ̀bẹ̀ tí mo fi sílẹ̀ fún ọkọ mi, fáìlì ẹ̀ ti dé National Visa Center ní New Hampshire, níbi tí wọ́n ti ń kó ìwé físà jọ kí intáfíù tó wáyé, mo ti san $120 fún ti Affidavit of Support (àdéhùn pé mo máa gbọ́ bùkátà ọkọ mi, I-864 ni fọ́ọ̀mù ẹ̀) àti $325 fún ti físà, mo fíìlì I-864 lóṣù April 2024, mo fi ìwé owó orí tí 2023 tì í, mo wá jókòó, mo ń retí kí wọ́n dá ọjọ́ intáfíù.

Oṣù May ni ímeèlì dé. Wọ́n láwọn ti gba ìwé mi ṣùgbọ́n owó tó wà nínú ẹ̀ jọ bíi pé kò tó, pé ọ̀gá tó máa ṣe intáfíù fún ọkọ mi ní Lagos ló máa dájọ́, kí n yáa wá joint sponsor (ẹlòmíì tó máa bá mi ṣe onígbọ̀wọ́) tàbí ẹ̀rí míì sílẹ̀. Mo ka ímeèlì yẹn nínú mọ́tò níwájú ilé kọ́sítọ́mà, mi ò lè sọ̀kalẹ̀. Ọdún kẹta rèé tí èmi àti ọkọ mi ti ń fi WhatsApp ṣe ìdílé, ọmọ wa tó wà lọ́dọ̀ mi ń béèrè bàbá ẹ̀ lójoojúmọ́. Mo pe ọkọ mi, mi ò tiẹ̀ mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́, mo kàn ń sọ pé kò sí nǹkan, kò sí nǹkan, omijé ti ń dà lójú mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ìṣirò yẹn ṣe rí torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ara wa ti ń ṣubú. Ìjọba Amẹ́ríkà ní iye kan tí wọ́n ń gbé jáde lọ́dọọdún, poverty guidelines ni wọ́n ń pè é, ẹni tó bá fẹ́ ṣe sponsor fún ọkọ tàbí ìyàwó ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìdá 125 nínú ọgọ́rùn-ún iye yẹn. (Sójà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nìkan ló jẹ́ pé ọgọ́rùn-ún géérégé ni tiẹ̀ tó bá jẹ́ ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ ẹ̀ ló fẹ́ mú wá.) Lọ́dún 2024, ìdílé ẹni méjì jẹ́ $25,550, ẹni mẹ́ta $32,275, ẹni mẹ́rin $39,000. Tí 2025 lọ sókè díẹ̀, ẹni méjì di $26,437. Alaska àti Hawaii ní tiwọn lọ́tọ̀, tiwọn ga ju báyìí lọ. Tí ẹ bá sì ń ka èèyàn, ẹ ó ka ara yín, ẹ ó ka ẹni tó ń bọ̀, ẹ ó ka àwọn ọmọ yín kéékèèké, ẹ ó sì ka ẹnikẹ́ni tí ẹ ti fi I-864 mú wá tẹ́lẹ̀ tí àdéhùn ẹ̀ ò tíì parí. Èmi, ọmọ mi, ọkọ mi, ẹni mẹ́ta nìyẹn, $32,275 ni mo ní láti dé.

Mo wá ń bi ara mi pé $58,300 àti $32,275, èwo ló pọ̀ jù? Àṣé wọn ò wo $58,300 rárá. Ohun tí wọ́n ń wò ni ìlà kẹsàn-án lórí fọ́ọ̀mù 1040, ìwé owó orí ọdọọdún, níbi tí wọ́n kọ total income sí. Owó àwa oníṣẹ́ ara ẹni sì máa ń gba Schedule C, ìwé àfikún 1040 fún iṣẹ́ ara ẹni, kọjá kó tó débẹ̀. Lórí Schedule C yẹn, ìlà àkọ́kọ́ ni gbogbo owó tó wọlé, wọ́n á wá yọ ìnáwó iṣẹ́ kúrò, ohun tó bá ṣẹ́ kù níìlà 31, èrè, òun ló máa rìn lọ sí Schedule 1 kó tó dé ìlà 9. Tèmi, nígbà tó débẹ̀, $18,940 ni.

$18,940! Lẹ́yìn tí mo dìrun títí ọwọ́ fi ń ro mí lóru.

Bó ṣe débẹ̀ rèé. February 2024, àwọn kan ní ṣọ́ọ̀bù sọ pé bùọ̀dá kan wà tó mọ bí wọ́n ṣe ń gba refund tó jọjú, ilé ẹ̀ ló ti ń ṣe é, owó ọwọ́ ló ń gbà. Kí n tó lọ bá a, èmi fúnra mi ni mo máa ń fi kọ̀ǹpútà ṣe tèmi. Mi ò ní dárúkọ òun náà. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ tó fi ṣe tán. Ó béèrè pé máìlì mélòó ni mò ń wà lọ́dún, mo ní ó máa tó ẹgbàá méjìlá, ìyẹn 24,000, torí ìyẹn ni mọ́tò mi rìn lápapọ̀, ó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ bí máìlì iṣẹ́, sẹ́ǹtì 65.5 lórí máìlì kan ní 2023, $15,720 nìyẹn. Ó yọ aṣọ tí mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, $2,900. Ó yọ oúnjẹ ọ̀sán mi, $3,600. Ó yọ owó fóònù mi pátápátá, $1,440. Tí ẹ bá kó ìyẹn pọ̀ mọ́ owó àga $9,600 àti owó irun àti ìpara $6,100 tó jẹ́ òótọ́, ó ti gba $39,360 kúrò. Refund wá jáde, $2,900 lé díẹ̀, inú mi dùn, mo tiẹ̀ fún un ní $50 lé e. Ó ní kí n fọwọ́ sí i bíi pé èmi ni mo ṣe é fúnra mi, kò fọwọ́ tiẹ̀ sí i. Ìgbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá gbowó láti ṣe ìwé owó orí fún èèyàn gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní PTIN, ó sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ kó fọwọ́ sí i, IRS máa ń kìlọ̀ nípa àwọn tí kì í fọwọ́ sí i yìí. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́nì kan bá ṣe tiyín tí kò fẹ́ kí orúkọ ẹ̀ hàn, ẹ gbé ìwé yín kẹ́ ẹ máa lọ. Refund $2,900 ni mo rí gbà, mo fẹ́ ẹ̀ fi ọkọ dí i. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, àmọ́ ohun tí mo ṣe nìyẹn, mi ò sì mọ̀.

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú àwọn ọ̀nà míì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní Dallas, owó oṣù ẹ̀ dáa, mo bẹ̀ ẹ́ kó ṣe joint sponsor fún mi. Joint sponsor kò ní láti jẹ́ ẹbí, ó ṣáà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tàbí ẹni tó ní green card, ẹni ọdún 18 ó kéré tán, kó máa gbé Amẹ́ríkà, kí owó òun nìkan sì tó fún ìdílé tiẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ka fọ́ọ̀mù yẹn dáadáa kó tó dá mi lóhùn. Ó ní kì í ṣe pé òun ò fẹ́, ṣùgbọ́n àdéhùn yẹn kò ní tú ká tí èmi àti ọkọ mi bá tiẹ̀ kọ ara wa sílẹ̀, títí ọkọ mi á fi di ọmọ ilẹ̀ yìí ni, tàbí kó ṣiṣẹ́ tó 40 quarters, ó máa ń tó bí ọdún mẹ́wàá, tàbí kó kúrò ní Amẹ́ríkà pátápátá, tàbí kó kú. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi sì ń gbèrò àtimú ìyá ẹ̀ wá. Ó dùn mí lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́, àmọ́ òótọ́ ló sọ, mo sì dúpẹ́ pé ó kà á kó tó dáhùn.

Ọ̀nà dúkìá ńkọ́? Tó bá jẹ́ ọkọ tàbí ìyàwó ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n á ní kí dúkìá èèyàn tó ìlọ́po mẹ́ta iye tó kù díẹ̀ káàtó. Ọ̀pọ̀ àwọn yòókù, ìlọ́po márùn-ún ni. Tèmi, $32,275 yọ $18,940, ó ku $13,335, ìlọ́po mẹ́ta ẹ̀ $40,005. Owó tó wà ní báǹkì mi nígbà yẹn kò tó $6,000. Mọ́tò kan ṣoṣo tí mo ní, wọn ò ní kà á, àfi téèyàn bá ní ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tó bá ní ilé tirẹ̀ lè lo iye tí ilé yẹn tó lẹ́yìn gbèsè báǹkì, èmi ò nílé. Ọ̀nà yẹn dí.

Kọ́sítọ́mà mi kan ló fún mi ní nọ́ńbà obìnrin Enrolled Agent yìí. Mo lọ, mo ti fọwọ́ di ìwé mi mú bí ẹni tó fẹ́ lọ jẹ́jọ́. Ohun àkọ́kọ́ tó bi mí rèé, kò tíì ṣí fáìlì: "Àbúrò mi, kí lo fẹ́ fi ìwé owó orí yìí ṣe?" Mo ní ọkọ mi ni mo fẹ́ mú wá. Ó ní, "Ṣé ẹni tó ṣe èyí bi ọ́ bẹ́ẹ̀?" Mo ní rárá o, àǹtí. Ó ṣí i, ó wo Schedule C, ó dákẹ́ pẹ́, ó wá gbé pẹ́ǹ. Wákàtí méjì ni mo fi jókòó níwájú ẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì gba kọ́bọ̀ fún ìjókòó àkọ́kọ́ yẹn.

Ohun tí mo nífẹ̀ẹ́ sí jù lọ́wọ́ ẹ̀ nìyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Èmi ti lérò pé ó máa sọ pé kí n yọ gbogbo ìnáwó kúrò kí èrè lè ga. Ó ní láéláé, òun ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ìnáwó iṣẹ́ tó jẹ́ òótọ́, ó yẹ kó wà níbẹ̀, owó àga àti owó irun dúró síbẹ̀, èèyàn ò kàn ń mú iye tó wù ú torí ó fẹ́ gba físà, bí irọ́ ṣe jẹ́ irọ́ tó bá dín owó kù náà ló jẹ́ irọ́ tó bá bù kún un, abẹ́ ìbúra lèèyàn sì ń fọwọ́ sí i. Ohun tí òun máa yọ ni èyí tí kò tọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìrìn láti ilé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù àti láti ṣọ́ọ̀bù padà sílé, IRS ò kà á sí ìrìn iṣẹ́. Èyí tí mo wà lọ sílé àwọn kọ́sítọ́mà láti ṣọ́ọ̀bù nìkan ló yẹ. A jókòó ti kàlẹ́ńdà fóònù mi, ọ̀sẹ̀ lọ́sẹ̀, àdírẹ́sì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó já sí 5,200 máìlì, $3,406. Aṣọ tí mo lè wọ̀ lọ ọjà, kò yẹ, ó yọ ọ́ dànù. Oúnjẹ ọ̀sán tí mo máa jẹ bí mi ò tiẹ̀ ṣiṣẹ́, ó yọ ọ́. Fóònù, ìdajì, $720, torí mo fi ń pe ọkọ mi náà. Gbogbo ìnáwó òtítọ́ wá já sí $19,826. Èrè, $38,474.

Mo wo nọ́ńbà yẹn, mo tún un wò. Ó ti kọjá $32,275. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni owó mi ti tó!

Àmọ́ kò wá lọ́fẹ̀ẹ́ o, mi ò fẹ́ tan yín. Nígbà tí èrè ga, owó orí oníṣẹ́ ara ẹni ga tẹ̀lé e, ìdá 15.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni lórí èyí tó pọ̀ jù nínú èrè yẹn, credit tí wọ́n ti fún mi torí wọ́n rò pé owó mi kéré náà sì ní láti padà. Lápapọ̀ mo jẹ IRS ní $5,800 lé díẹ̀, èlé lọ́tọ̀. Ó bá mi wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì IRS, wọ́n jẹ́ kí n máa san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Mò ń san án di ìsinsìnyí. Àwọn kan á ní owó yẹn pọ̀. Ó pọ̀ lóòótọ́, mo ti fi irun dídì alẹ́ san púpọ̀ nínú ẹ̀. Owó ìjọba ni, ó sì yẹ kí n ti san án tẹ́lẹ̀.

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń tún un ṣe ni 1040-X. June ló fi ránṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. IRS máa ń sọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá, nígbà míì mẹ́rìndínlógún. Tèmi, September ló hàn. Nǹkan kan tó sọ fún mi níbí, tí mi ò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí: transcript, ìyẹn àkọsílẹ̀ owó orí yín tí IRS ń gbé jáde, oríṣiríṣi ló wà. Èyí tí wọ́n ń pè ní tax return transcript, bí ẹ ṣe kọ́kọ́ fi ìwé yín ránṣẹ́ ló máa ṣe hàn, àtúnṣe ò ní hàn níbẹ̀ láé. Kí àtúnṣe lè hàn, tax account transcript lẹ máa gbà, tàbí record of account tó pa méjèèjì pọ̀. Ká ní èyí àkọ́kọ́ yẹn nìkan ni mo fi ránṣẹ́ ni, $18,940 ni wọn ì bá tún rí, wọn ì bá sọ pé irọ́ ni mò ń pa. Ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo ẹ̀ lórí IRS.gov, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ san owó kí òun tó bá yín gba transcript, owó yín ló fẹ́ jẹ.

Ó tún kọ́ mi ní ọgbọ́n tọjọ́ iwájú. Mo bi í pé ṣé mi ò wá lè dín owó orí mi kù mọ́ ni títí ọkọ mi á fi dé? Ó rẹ́rìn-ín, ó mú 1040, ó fi pẹ́ǹ fa ìlà sábẹ́ ìlà 9. Ó ní ohun tó bá wà lókè ìlà yìí ló ń jẹ owó tí wọ́n fi ń ṣe sponsor, èyí tó bá wà nísàlẹ̀ ẹ̀ ò kàn án. Ìnáwó Schedule C wà lókè. Ṣùgbọ́n owó tí mo bá tọ́jú sínú SEP-IRA fún ọjọ́ ogbó, owó ìlera tí mo ń san fúnra mi, ìdajì owó orí oníṣẹ́ ara ẹni, ìsàlẹ̀ ni gbogbo wọn wà, wọ́n ń dín owó orí kù láì dín total income kù. Ká ní mo mọ ìyẹn ní February ni! Ẹ ò rí i pé ẹni tó mọ iṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tó ń wá refund?

Lẹ́yìn ìyẹn ó bá mi to ẹ̀rí pé iṣẹ́ mi ṣì ń lọ, torí wọ́n máa ń wo owó ọdún tó ń lọ lọ́wọ́ náà. Àwa ò ní pay stub, ìwé tí èèyàn fúnra ẹ̀ kọ lásán ò sì ní ìwúwo. Ó ṣe profit and loss (P&L, ìwé tó ń fi owó tó wọlé, ìnáwó àti èrè hàn) January sí August 2024, èrè oṣù mẹ́jọ yẹn jẹ́ $27,600. Ó ní kí n tẹ statement báǹkì oṣù méjìlá jáde, a wá fi àmì sí ibi tí Zelle àti Cash App ti wọlé kó lè bá P&L mu, mo gba lẹ́tà lọ́wọ́ onínǹkan tó ni ṣọ́ọ̀bù pé mò ń rẹ́ǹtì àga lọ́dọ̀ ẹ̀ lóòótọ́ àti iye tí mò ń san. Owó ọwọ́ ni wàhálà. Èyí tí mo ti ná kí n tó gbé e dé báǹkì, kò sí ẹ̀rí ẹ̀ níbì kankan. Látìgbà yẹn, kọ́sítọ́mà ì báà fún mi ní $40, báǹkì ni mò ń gbé e lọ lọ́jọ́ Monday.

Ohun míì tí mo fi bọ̀wọ̀ fún un: kò fọwọ́ kan I-864. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi fíìlì ẹ̀ kí n sanwó ẹ̀, ó ní òun kì í ṣe lọ́yà, òfin ò gba òun láyè láti gba èèyàn nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ físà, àfi lọ́yà tàbí àwọn tí Department of Justice fún láṣẹ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ aláàánú. Mo wá lọ san $200 fún lọ́yà kan fún wákàtí kan, ó bá mi yẹ fọ́ọ̀mù tuntun wò. Òun ló sọ fún mi pé I-864EZ tó kúrú tí ọ̀rẹ́ mi kan lò kò sí fún wa, àwọn tó jẹ́ pé owó oṣù W-2 tàbí owó ìfẹ̀yìntì nìkan ni wọ́n fi ń ṣe sponsor ló wà fún. Oníṣẹ́ ara ẹni, I-864 gígùn ni. Ó tún ní tó bá jẹ́ transcript la fi sílẹ̀, kò di dandan ká kó Schedule lọ, àmọ́ tó bá jẹ́ ẹ̀dà 1040 ni, gbogbo Schedule ẹ̀ pátá ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Torí àtúnṣe tó wà nínú tèmi, méjèèjì la kó lọ, pẹ̀lú 1040-X àti ẹ̀rí pé mo ti ń san gbèsè.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí wọn ò ti ṣe dáadáa. Láàárín July sí ọ̀sẹ̀ kejì August, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kò sẹ́ni tó gbé fóònù mi, ímeèlì mẹ́rin ni mo fi ránṣẹ́, ọ̀kan ni wọ́n dáhùn, wọ́n ní "a ti rí i". Ẹni tí ọkọ ẹ̀ ń dúró de ọjọ́ intáfíù, ẹ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí i. Mi ò sùn dáadáa lóṣù yẹn. Ọmọbìnrin tó wà ní iwájú ọ́fíìsì tún fi fáìlì Excel ránṣẹ́ sí mi pé kí n kó gbogbo rìsíìtì sínú ẹ̀ kó tó di ọjọ́ mẹ́ta, mi ò mọ Excel lò, mo sọ fún un, kò ní sùúrù, ọmọ àbúrò mi ló wá bá mi ṣe é. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún àǹtí fúnra ẹ̀, ó bẹ̀ mí, ó ní òun ò gbọ́, àmọ́ ó ti ṣẹlẹ̀. Ìràwọ̀ kan lọ níbẹ̀.

Owó wọn: $400 fún 1040-X, $250 fún P&L àti títo ẹ̀rí, $650 lápapọ̀, ìlọ́po mẹ́ta ohun tí bùọ̀dá àkọ́kọ́ gbà. Mo san án lẹ́ẹ̀mejì. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti kọ iye náà sílẹ̀ fún mi, wọn ò sì fi kọ́bọ̀ lé e nígbà tó yá, bẹ́ẹ̀ wọ́n ṣe ju ohun tí a sọ lọ. Mo ka ìyẹn sí iṣẹ́ ọmọlúàbí.

November 2024 ni intáfíù ọkọ mi ní Lagos. Mo jí ní aago méjì òru níbí, mo ń rìn kiri pálọ̀. Ó ní obìnrin tó bi í ní ìbéèrè kọ́kọ́ béèrè bí a ṣe pàdé, ó béèrè orúkọ ọmọ wa, ó wá mú I-864, ó ní, "Ìyàwó ẹ ń ṣiṣẹ́ ara ẹ̀, kí ló dé tí nọ́ńbà méjì fi wà fún 2023?" Ọkọ mi fún un ní transcript méjèèjì àti 1040-X, ó ní àṣìṣe wà nínú ti àkọ́kọ́, ìyàwó òun ti tún un ṣe, ó sì ń san owó tó kù. Obìnrin yẹn wo ìwé IRS, ó wo P&L, ó ṣí statement báǹkì ojú ewé bíi mẹ́ta, ó ní wọ́n ti fọwọ́ sí físà ẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọkọ mi pè mí látojú títì, ariwo mọ́tò ò jẹ́ kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀. Mo san $235 tí USCIS, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wọ Amẹ́ríkà, ń gbà fún green card lọ́jọ́ kejì, oṣù January 2025 ni ọkọ mi dé, ọmọ wa sá lọ bá a ní ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn gíláàsì ní pápá ọkọ̀ òfúrufú kí n tó lè dì í mú.

Tí ẹ bá ń wá irú obìnrin yìí ládùúgbò yín, IRS ní ojú ìwé kan lórí ayélujára tí ẹ lè fi zip code wá àwọn Enrolled Agent àti CPA (akáǹtáǹtì tó níwèé àṣẹ), ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti wá wọn. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ìwé yín ṣe kẹ́ ẹ tó jókòó, bí wọn ò bá béèrè pàápàá. Ẹ má sì lọ láàárín February sí April 15, gbogbo ọ́fíìsì ló máa kún nígbà yẹn, wọn ò ní ráyè yín. Èmi ti gba àyè ti ọdún tó ń bọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àǹtí, ọkọ mi náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ara ẹ̀, iná mànàmáná ló mọ̀ ọ́n ṣe, mo sì ti ra ìwé kékeré kan fún un tó máa fi sínú mọ́tò fún kíkọ máìlì.